Bí Wọ́n Bá Bi Wá Léèrè Ìrètí Wa

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá ní òní wà nínú Ìwé kìn-ín-ní ti Àpọ́sítélì Pétérù, orí kẹta, ẹsẹ kẹẹ̀ẹ́dógún. Ohun tí àpọ́sítélì náà pa láṣẹ níbẹ̀ ni pé kí Kristẹni wà ní ìmúrasílẹ̀ láti fún ẹni tí ó bá bi í léèrè ìrètí rẹ̀ ní èsì, kí ó sì jẹ́ pé ọkàn tútù àti ìbẹ̀rù ni yóò fi fún un. Ìdajì àkọ́kọ́ àṣẹ yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ lórí. Ìdajì kejì ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àwọn tí ó kọ̀wé sí. Àtìpó ni ó pè wọ́n. Pọ́ńtù, Gálátíà, Kapadókíà, Éṣíà àti Bítíníà ni wọ́n fọ́n ká sí, àwọn ilẹ̀ tí ó wà nínú orílẹ̀-èdè Tọ́kì ti òde òní. Àwọn aládùúgbò wọn ń sọ̀rọ̀ wọn láìdára, nítorí pé wọn kì í bá wọn lọ sí ibi àsè òrìṣà mọ́. Àwa tí a fi Òkè Ọya ṣe ibùgbé, tí a bí ọmọ síhìn-ín, tí a kọ́ ilé síhìn-ín, tí wọ́n sì tún ń bi wá pé níbo gan-an ni ìlú wa, a kò nílò àlàyé púpọ̀ kí irú ipò bẹ́ẹ̀ tó yé wa.

Ìbéèrè tí Pétérù ń sọ kì í sì í ṣe ti eré. Ní nǹkan bí ọdún 112, lẹ́yìn tí àpọ́sítélì náà ti kú tipẹ́tipẹ́, gómìnà Róòmù kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Pliny, ẹni tí ń ṣàkóso Bítíníà àti Pọ́ńtù, kọ̀wé sí Késárì Trajan láti sọ bí ó ti ń ṣe sí àwọn Kristẹni tí wọ́n bá mú wá síwájú òun. A máa bi wọ́n bóyá Kristẹni ni wọ́n. Bí wọ́n bá jẹ́wọ́, a tún bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, a sì fi ikú halẹ̀ mọ́ wọn. Àwọn tí kò bá yẹ̀, a ní kí wọ́n mú wọn lọ pa. Ọ̀rọ̀ èdè Gíríìkì tí Pétérù lò fún èsì yìí, ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ ni pẹ̀lú: àwíjàre ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn ni. Ẹni tí ń wí àwíjàre níwájú adájọ́ mọ̀ pé òun kò wá bú ẹnikẹ́ni. Ó wá sọ ohun tí òun mọ̀ ni.

Nísinsìnyí, ta ni ó ń gba àwọn ènìyàn ní ìyànjú ọkàn tútù yìí? Pétérù ni, ọmọ Jónà, apẹja. Ẹ rántí òru ọjọ́ tí wọ́n mú Olúwa wa nínú ọgbà. Pétérù ni ó fa idà yọ, tí ó ṣá ìránṣẹ́ olórí àlùfáà ní etí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́, ìránṣẹ́bìnrin kan bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo bí ó ti jókòó ti iná: ṣé ìwọ kọ́ ni o wà pẹ̀lú ará Násárẹ́tì yẹn? Ìbéèrè ìrètí nìyẹn. Kò sí idà lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà, kò sì ju kí ó dá a lóhùn lọ. Ṣùgbọ́n Pétérù sẹ́, ó búra, ó sì tún gégùn-ún lé e. Ní òru kan náà ni ó lo idà tí ó sì lo ìsẹ́, a kò sì gbọ́ èsì kankan lẹ́nu rẹ̀.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ síbí yìí, nítorí a sábà máa ń rò pé ẹni tí ń kọ lu àwọn ẹlòmíràn nítorí ìgbàgbọ́ ni akin, àti pé ẹni tí ó dákẹ́ tàbí tí ó sẹ́ ni ojo. Ní ti Pétérù, ènìyàn kan náà ni. Gbòǹgbò kan náà ni idà àti ìsẹ́ ti hù jáde: ẹ̀rù ń bà á. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà nínú òkùnkùn lè ju òkò, ó sì lè sá. Kò sí èyí tí a lè pè ní ìgboyà nínú méjèèjì. Olúwa wa fi ọwọ́ kan etí ọkùnrin náà, ó sì wò ó sàn, lẹ́yìn èyí ni ó wá yíjú pa dà wo Pétérù ní àgbàlá. Ọkùnrin tí a wò báyìí ni ó kọ ìwé yìí nígbà tí ó dàgbà. Nítorí náà, nígbà tí ó bá sọ fún wa ní ẹsẹ kẹrìnlá pé kí a má ṣe bẹ̀rù ohun tí àwọn ènìyàn fi ń dẹ́rù bà wá, tí ó sì tún sọ ní ẹsẹ tí ó tẹ̀ lé e pé kí a fi ìbẹ̀rù dáhùn, kò tako ara rẹ̀. Ìbẹ̀rù Ọlọ́run ni èyí èkejì. Ẹni tí ó bá ní i yóò bọ̀wọ̀ fún ènìyàn tí Ọlọ́run dá, kò sì ní máa gbọ̀n jìnnìjìnnì pé bí òun kò bá borí nínú àríyànjiyàn yìí, Ọlọ́run òun yóò ṣubú.

Lẹ́tà kan dé ọ̀dọ̀ wa ní àìpẹ́ yìí, a kò sì ní dárúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ tàbí ìlú tí ó ti wá. Obìnrin ni, ó ń ta aṣọ ní ọjà. Mùsùlùmí ni baba rẹ̀, Mùsùlùmí sì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Ilé ọkọ ni òun ti di Kristẹni. Nígbà tí baba wọn kú, ní ọjọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ, tí àwọn ẹbí jókòó tí wọ́n jẹun tán, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í pé: “Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé Ọlọ́run bímọ, ta wá ni ìyàwó rẹ̀?” Arábìnrin wa sọ pé òun rántí ìwàásù kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun lórí fóònù. Ohun tí oníwàásù náà sọ sí Ànọ́bì Muhammad ni òun náà sì sọ, níṣojú gbogbo ẹbí. Ó di oṣù méje báyìí tí tẹ̀gbọ́n tàbúrò kò ti kí ara wọn. Ìyá wọn ṣì wà láyé, ó ń ti ilé èkínní sunkún lọ sí ilé èkejì. Ìbéèrè arábìnrin wa ni pé: ṣé kì í ṣe àṣẹ Pétérù ni òun tẹ̀ lé?

Arábìnrin wa, ẹ kò tẹ̀ lé e. A kò sọ èyí láti dá yín lẹ́bi níwájú gbogbo ènìyàn. Ọ̀pọ̀ tí ń gbọ́ wa ní òwúrọ̀ yìí ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́nà kìn-ín-ní, ẹ̀gbọ́n yín ni ó béèrè. Yorùbá kò fàyè gba kí àbúrò fi ọ̀rọ̀ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà ní ọjọ́ àdúrà baba wọn, a kò sì rí ibì kankan nínú Ìhìn Rere tí ó sọ pé kí ìwà ọmọlúàbí wa dín kù nígbà tí a bá ṣe ìrìbọmi. Lọ́nà kejì, èyí tí ó wúwo jù, ẹ kò dá a lóhùn rárá. Nípa Jésù ni ó béèrè. Ẹlòmíràn ni ẹ sọ̀rọ̀ lé. Bóyá ó fẹ́ kọ́ ni, bóyá ó sì fẹ́ fi yín ṣẹ̀sín ni, ìbéèrè rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ níbi tí ó fi í sí láti oṣù méje. A sì fura pé ìdí tí ẹ fi sáré mú èébú ni pé ọwọ́ yín ṣófo. Èyí ni ìmúrasílẹ̀ tí Pétérù ń sọ wà fún: ẹni tí ó mọ ohun tí ó gbàgbọ́ lè fara balẹ̀ sọ ọ́.

Kí ni ì bá jẹ́ èsì? Ẹ kọ́kọ́ gbà fún un pé òótọ́ ni ó sọ: Ọlọ́run kò ní ìyàwó. Ìjọ Kristi kò fi ìgbà kan kọ́ni pé Ọlọ́run fẹ́ obìnrin tí ó sì bímọ bí ènìyàn ti ń bímọ. Ọ̀rọ̀ òdì ni irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lójú àwa náà. Ẹ̀yin méjèèjì ti wà ní ojú kan náà títí dé ibẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó mọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo èdè tí ẹ jọ ń sọ. A ń sọ pé ọmọ ogun, ọmọ ìlú, ọmọ ẹgbẹ́. Kò sí ẹni tí ó máa ń béèrè pé ta ni ìyàwó ogun. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé “ọmọ” lè jẹ́ ohun tí ó ju ọmọ inú lọ. A kò sọ pé bí ènìyàn ti jẹ́ ọmọ ìlú ni Jésù ṣe jẹ́ Ọmọ Ọlọ́run o. Tirẹ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn tí a fi wọlé ni. Ìhìn Rere Jòhánù pe Jésù ní Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ ti inú ẹni tí ń sọ ọ́ jáde wá, kò nílò ìyá, kò sì ya ẹni tí ó sọ ọ́ sí méjì. Ibí yìí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé yín.

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun. Ní nǹkan bí ọdún 781, ní ìlú Baghdad, Kálífà al-Mahdi, olórí ìjọba Mùsùlùmí níbẹ̀ nígbà náà, bi Tímótì Kìn-ín-ní, olórí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Ìjọ Ìlà-Oòrùn, ní ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ẹ̀gbọ́n arábìnrin wa. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi jíròrò, Tímótì fúnra rẹ̀ ni ó sì kọ ìròyìn rẹ̀ sílẹ̀ ní èdè Síríà àtijọ́. Ó dá Kálífà lóhùn pé bí ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde láti ara oòrùn, tí ọ̀rọ̀ sì ń jáde láti inú ọkàn, bẹ́ẹ̀ ni a bí Ọmọ láti ọ̀dọ̀ Baba, láìsí obìnrin àti láìsí ìpínyà. Nígbà tí ọba náà sì béèrè ohun tí ó rò nípa Muhammad, Tímótì sọ pé ó yẹ ní yíyìn, nítorí pé ó rìn ní ọ̀nà àwọn wòlíì: ó kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ pé Ọlọ́run kan ni ó wà, ó sì yí wọn kúrò lọ́dọ̀ òrìṣà àti ìwà búburú. Ṣùgbọ́n nígbà tí Kálífà béèrè bóyá Ìhìn Rere sọ tẹ́lẹ̀ pé Muhammad ń bọ̀, Tímótì sọ láìfi bò pé kò sọ ọ́. Ẹ kíyè sí i pé lẹ́nu kan náà ni èsì méjèèjì ti jáde. Ó yin ohun tí ó lè yìn láìṣẹ̀tàn, ó sì kọ ohun tí kò lè gbà láìbú ẹnikẹ́ni. Ààfin ọba tí ó ní agbára láti pa á ni ó ti sọ wọ́n.

Bí ẹnìkan bá rò pé ọ̀rọ̀ abẹ́lé kan lásán ni a ń fi gbogbo àkókò yìí sọ, kí ó rántí oṣù Kẹta ọdún 1987. Ní ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn olùkọ́ni ní Kafanchan, ọ̀rọ̀ tí a sọ nípa Kùráánì ní ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Títí di òní, àwọn ìhà méjèèjì kò fẹnu kò lórí ohun tí oníwàásù náà sọ gan-an. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, iná náà ti ràn dé Kaduna, Zaria, Funtua àti Katsina; ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sun, wọ́n sun mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú, ẹ̀mí sì ṣòfò. A kò sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnì kan tó láti dá ẹnikẹ́ni láre tí ó bá gbé iná sí ilé Ọlọ́run tàbí ilé aládùúgbò rẹ̀. Ẹni tí ó ṣáná ni ó ni ẹ̀bi iná. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa mọ ohun tí wọ́n ń sọ tí wọ́n fi ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ni í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ líle ni í yọ ọfà lápó.

Àwa Yorùbá kò sì nílò láti lọ sí Baghdad kí a tó rí àwòkọ́ṣe. Ní ọdún 1821, nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther jẹ́ ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlá, ogun kó ìlú rẹ̀, Òṣogùn. Òun tìkára rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ àti àwọn Fúlàní ni ó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ogun náà. Wọ́n fi okùn sí i lọ́rùn, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ ojú omi àwọn amúnisìn, kí àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ ní ọdún 1822. Bí ẹnìkan bá wà tí ènìyàn lè dárí jì nítorí pé ó fi ọ̀rọ̀ gbígbóná bá Mùsùlùmí sọ̀rọ̀, ọkùnrin yìí ni.

Ní ọdún 1864 ó di Bíṣọ́ọ̀bù. Ní ìparí ọdún 1871, ó gbéra láti Lọ́kọ́jà, ó gba Bídá kọjá, ó sì dé Èkó ní oṣù Kejì ọdún 1872. Lójú ọ̀nà, ó yà sí Ìlọrin, ó sì jókòó ní ààfin Ẹ́míà pẹ̀lú àwọn àlùfáà Mùsùlùmí. Wọ́n bi í ní ìbéèrè, ó sì ń dáhùn. Àṣà rẹ̀ nínú irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ Bíbélì fúnra rẹ̀ ni ó máa ń fi ṣe èsì níwọ̀n bí ó bá ti ṣeé ṣe, ní èdè tí gbogbo ààfin gbọ́. Ibi tí Bíbélì àti Kùráánì ti pàdé ni ó sì máa ń kọ́kọ́ tẹ̀: áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì tí a rán sí Màríà, wúńdíá tí ó lóyún, iṣẹ́ ìyanu Jésù. Èrò rẹ̀, lẹ́yìn ìrírí ọ̀pọ̀ ọdún, ni pé Bíbélì lè ja ogun ara rẹ̀, Ẹ̀mí Mímọ́ ni yóò sì darí rẹ̀. Ẹni tí ó bá gba èyí gbọ́ lè fi ohùn pẹ̀lẹ́ kàwé, kí ó pa ìwé dé, kí ó sì dúró.

Dídúró náà jẹ́ ara ọkàn tútù. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1846, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ogun ti yà wọ́n, Crowther rí ìyá rẹ̀, Àfàlá, ní Abẹ́òkúta. Àlùfáà ni ọmọ nígbà náà. Abọ̀rìṣà ni ìyá. Ó mú un sọ́dọ̀, ó ń tọ́jú rẹ̀, a sì kọ́ ìyá ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ bí a ti ń kọ́ àwọn yòókù. Oṣù Kejì ọdún 1848 ni ó tó ṣe ìrìbọmi, tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Hánnà. Èyí jẹ́ ọdún kan àtààbọ̀. Àwọn kan wà nínú wa tí kò lè fún ìyá tiwọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

A gbọ́dọ̀ sọ ìhà kejì pẹ̀lú, nítorí a mọ̀ pé àwọn kan ti ń mi orí pé: “Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, ọ̀kan náà ni gbogbo wa, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù máa ṣe tirẹ̀.” Kì í ṣe ohun tí Pétérù sọ nìyẹn. Èsì ni ó ní kí a fúnni, dídákẹ́ kì í sì í ṣe èsì. Tímótì tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fi òwe kan lélẹ̀ níwájú Kálífà: péálì kan ṣoṣo bọ́ sílẹ̀ nínú ilé tí ó ṣókùnkùn ní òru, gbogbo ènìyàn sì ń tá ràrà. Ẹnì kan mú péálì náà, ẹlòmíràn mú dígí, ẹlòmíràn mú òkúta, olúkúlùkù sì dá ara rẹ̀ lójú títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Nígbà tí ọba sì bi í bóyá ẹnikẹ́ni lè mọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ní àmì wà, ó sì ka àwọn àmì náà. Kò sọ pé gbogbo ohun tí ó wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn ni péálì. Kò sì gbìyànjú láti fi ipá tú ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ń múra fún ìgbọ́wọ́lélórí Bíṣọ́ọ̀bù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n há ìdáhùn katikísìmù sórí lásán. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bi ara wọn ní ìbéèrè tí ọmọ kíláàsì wọn Mùsùlùmí ń bi wọ́n ní ilé ìwé, kí wọ́n sì kọ́ bí a ti ń sọ pé: “N kò mọ èyí, ṣùgbọ́n n óò lọ béèrè, n óò sì mú èsì wá fún ọ.” Kí wọ́n sì mú un wá ní tòótọ́. Ẹ kọ́ wọn pẹ̀lú pé ibi tí kò sí ẹni tí ó béèrè, bí inú bọ́ọ̀sì tí àárẹ̀ ti mú gbogbo ènìyàn, ìwà ọmọlúàbí ni ó kọ́kọ́ yẹ kí ó sọ̀rọ̀, kí ìbéèrè lè wá.

Ní ti arábìnrin wa aláṣọ, a ti kọ̀wé sí yín, ṣùgbọ́n a tún sọ ọ́ níhìn-ín nítorí àwọn tí ó wà ní ipò kan náà. Ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí Iléyá yóò dé. Ẹ lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n yín, kí ẹ mú ìyá yín dání bí ara rẹ̀ bá gbà á, kí ẹ sì kúnlẹ̀ kí i bí ẹ ti máa ń kí i tẹ́lẹ̀. Ẹ tọrọ àforíjì fún ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ sí Ànọ́bì rẹ̀. Ẹ má ṣe tọrọ àforíjì nítorí Jésù. Bí ó bá sì tún bi yín pé ta ni ìyàwó Ọlọ́run, ẹ jókòó, kí ẹ dá a lóhùn.